Àárẹ̀ Ọjọ́ Kẹta

Ọjọ́ Ajé ni Ìyá Ìbejì, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní ọjà Ìyànà Ìbà, bẹ̀rẹ̀ dáyẹ́ẹ̀tì. Kò jẹ ẹ̀bà, kò jẹ ìrẹsì, kò fẹnu kan mínírà. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, àti pé bí kò bá jò díẹ̀, orúnkún tó ń dùn ún kò ní fi í lọ́rùn sílẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tú àpò aṣọ tuntun kan. Bó ṣe nàró báyìí, ojú rẹ̀ ṣú. Ó yára di irin ìsọ̀ mú, ó rọra jókòó sórí àpò náà, òógùn tútù sì ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Àwọn tí ìsọ̀ wọn wà nítòsí sáré dé. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ibà ni. Ẹ jẹ́ n sáré bá yín ra oògùn ní kẹ́míìsì." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti lo oògùn ibà láì ṣe àyẹ̀wò kankan, ó ti mu mínírà tútù kan, ó sì ti jẹ ẹ̀bà. Ara rẹ̀ yá. Nígbà tí mo lọ kí i lọ́jọ́ kejì, ohun tó sọ fún mi ni pé: "Àbúrò mi, ara tèmi kì í gba dáyẹ́ẹ̀tì. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí pé irú rẹ̀ gan-an ni èmi náà ti sọ rí. Okokomaiko ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, dánfó ló ń gbé mi dé Mile 2, màá wá gun àtẹ̀gùn lọ bá ọkọ̀ ojú irin. Ní ọjọ́ kẹrin tí mo ti ń jẹ ẹyin, kùkúńbà àti tíì tí kò ní ṣúgà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró sinmi lórí àtẹ̀gùn tí mo máa ń gùn láì mí hẹlẹ. Ẹsẹ̀ mi wúwo bí ẹni pé wọ́n so òjé mọ́ ọn. Àyà mi já. Mo ra búrẹ́dì Agége ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo jẹ ẹ́ lásán láì fi ohunkóhun sí i, dáyẹ́ẹ̀tì sì parí síbẹ̀.

Kò sí ẹni tó sọ fún èmi àti Ìyá Ìbejì pé àárẹ̀ yẹn ní ìdí, pé ó ní ọjọ́ tó ń dé àti ọjọ́ tó ń lọ, àti pé àwa fúnra wa la fi ọwọ́ ara wa sọ ọ́ di ńlá. Bí mo bá ti mọ̀ ni, n kì bá tí jáwọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ara ń kó agbára pamọ́ sí. Ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà nínú wa. Èyí tí ara kò bá lò lójú ẹsẹ̀, ó ń kó o sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú iṣan tí a fi ń rìn, tí a sì fi ń gbé ẹrù. Glycogen ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pe ìṣúra yìí. Kò pọ̀ rárá. Lára àgbàlagbà, ti inú ẹ̀dọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 100 gíráàmù, ti inú iṣan jẹ́ nǹkan bíi 400. Owó àpò ni. Òun la fi ń sá tẹ̀ lé dánfó, òun ló sì ń bọ́ ọpọlọ lóru nígbà tí a bá sùn. Ọ̀rá ni ìṣúra ńlá. Ṣùgbọ́n ọ̀rá dà bí ilẹ̀ tí èèyàn rà sí Ajangbadi: owó gidi ni, ẹni tó ni ín kì í ṣe tálákà, síbẹ̀ kò lè gé e fún kọ́ńdọ̀ ní ibùdókọ̀ Volks kó fi san owó ọkọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò rà á, wọ́n á wo ìwé, wọ́n á ná an, kí owó tó jáde. Bákan náà ni ara ṣe nílò ọjọ́ díẹ̀ kó tó lè máa fi ọ̀rá gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú bùkátà rẹ̀.

Bí èèyàn bá ṣàdédé gé gbogbo oúnjẹ oníṣúgà àti òkèlè kúrò, èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín ọjọ́ kan, ti inú iṣan á sì máa fà wálẹ̀ tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń wúwo. Ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lè má tètè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn, tó ń ti báárò, tàbí tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n láti inú mọ́tò sínú ìsọ̀ ní ọjà Alábà, kíá ni yóò mọ̀, torí pé glycogen ni iṣan ń lò fún iṣẹ́ agbára. Ohun tó tún ń fọ́jú ọ̀pọ̀ èèyàn ni òṣùwọ̀n. Gíráàmù kan nínú glycogen, omi tó tó gíráàmù mẹ́ta ló ń gbé pọ̀ mọ́ra. Bí ìdajì kílò rẹ̀ bá lọ, kílò kan àtààbọ̀ omi á bá a lọ. Èèyàn á gun òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kẹrin, á rí i pé òun ti dín ní kílò méjì, á hó yèè. Ọ̀rá kọ́ ló lọ, omi ni. Kílò kan ọ̀rá ara ní agbára tó tó 7,700 kálórì nínú. Ẹni tó ń fi 500 kálórì dín oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ kù á lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó jó kílò kan tán. Nítorí náà, bí kílò méjì bá dédé padà lálẹ́ ọjọ́ tí o jẹ iyán níbi òkú, má sunkún. Omi ló padà.

Omi yẹn ló wá mú mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì wà gan-an. Nígbà tí a bá ń jẹ òkèlè àti ohun dídùn déédéé, insulin máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan lára iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé ó ń sọ fún kíndìnrín pé kó di iyọ̀ mú. Nígbà tí òkèlè bá ṣàdédé dáwọ́ dúró, insulin á lọ sílẹ̀, kíndìnrín á sì ṣílẹ̀kùn. Iyọ̀ á bá ìtọ̀ jáde, omi á tẹ̀ lé e. Ẹ ti rí i pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáyẹ́ẹ̀tì máa ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Bí omi àti iyọ̀ bá ti dín nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó, kò ní mọ̀. Àmọ́ bó bá bẹ̀rẹ̀ tó sì nàró lójijì, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ sí ẹsẹ̀, èyí tó yẹ kó dé orí á pẹ́ díẹ̀. Ojú á ṣú, òòyì á kọ́ ọ, òógùn tútù á bò ó. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tó láti gbé èèyàn ṣubú.

Ẹ wá fi ooru Èkó kún un. Ẹni tó jókòó sábẹ́ páànù nínú ọjà láti àárọ̀ dalẹ́ ń làágùn, iyọ̀ sì wà nínú òógùn. Ẹ tún fi oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kún un: kùkúńbà, ọsàn, bàrà, tíì. Kò sí iyọ̀ nínú èyíkéyìí nínú wọn tó ṣeé kà kún. Nígbà tí Ìyá Ìbejì gé ẹ̀bà, ọbẹ̀ ló gé pẹ̀lú rẹ̀ láì mọ̀, torí ta ló ń jẹ ọbẹ̀ lásán? Ó sì tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní gbogbo ìgbà náà, oògùn tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ìfúnpá wálẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni ìfúnpá rẹ̀ gbà ń lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ojú rẹ̀ ṣú. Ohun tó yẹ ká dúpẹ́ lé lórí ni pé irin ìsọ̀ wà nítòsí.

Mínírà tó mu dá omi àti ṣúgà padà. Ọbẹ̀ tó fi jẹ ẹ̀bà dá iyọ̀ padà. Ara rẹ̀ yá, oògùn ibà sì gba ọpẹ́ iṣẹ́ tí kò ṣe.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fojú di ibà ní àdúgbò wa, níbi tí omi ti ń dúró sójú gọ́tà ní gbogbo ọdún. Ibà ń pa èèyàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé àárẹ̀ dáyẹ́ẹ̀tì kì í mú ara gbóná. Bí ara bá gbóná tó 38 lórí tẹmómítà, tí òtútù ń mú ọ, tí o ń bì, dáyẹ́ẹ̀tì kọ́ nìyẹn, lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe kì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fún èèyàn lóògùn ibà. Ẹni tó bá ń gbé oògùn ibà mì ní gbogbo ìgbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́, kò ní mọ ohun tó ń ṣe é láéláé.

Ọpọlọ náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò wúwo ju nǹkan bíi kílò kan àtààbọ̀ lọ, síbẹ̀ nǹkan bí 120 gíráàmù ṣúgà ló ń jẹ lójúmọ́. Nígbà tí ti inú ẹ̀dọ̀ bá tán, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà díẹ̀ láti ara ohun mìíràn, pàápàá láti ara ohun tí iṣan fi di iṣan, á sì tún máa fi ọ̀rá ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní ketone, tí ọpọlọ lè lò dípò ṣúgà. Àmọ́ ketone kì í pọ̀ tó lọ́jọ́ kìíní. Ó máa ń tó ọjọ́ méjì sí mẹ́rin kó tó gbéra sọ, ọpọlọ náà sì nílò ọjọ́ díẹ̀ sí i kó tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Àárín ìgbà yẹn ni orí fífọ́ àti ìbínú òjijì ń wáyé. Ọjà kan ti tú, èkejì kò tíì kún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jáwọ́, ìyẹn ìgbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́.

Àwọn tó ń gbààwẹ̀ mọ nǹkan kan nípa èyí. Bi àwọn Mùsùlùmí tó ń gbààwẹ̀ Ramadan léèrè, wọ́n á sọ fún ọ pé àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń le jù, pé orí máa ń fọ́ wọn tó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ara á ti mọ́ ọn. Wọ́n ń ṣínu nírọ̀lẹ́, nítorí náà kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tó gé òkèlè tọ̀sán-tòru. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ̀wà àti ẹyin ní sààrì á lágbára ju ẹni tó fi tíì àti búrẹ́dì gbéra lọ. Orí fífọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe ebi nìkan ló ń fà á. Ẹni tó ti máa ń jẹ obì lójoojúmọ́, tàbí tó máa ń mu kọfí, tíì tàbí kóòkì, caffeine ló ń jẹ tó ń mu, bó bá sì já a lójijì, orí á fọ́ ọ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Díndín in kù ní díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ọ̀sẹ̀ tí èèyàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ó dára jù.

Ọ̀rọ̀ pé ara ń mọ́ ọn yìí kì í ṣe ohun tuntun. Ọ̀gá ológun ará Amẹ́ríkà kan, Frederick Schwatka, rin ilẹ̀ yìnyín àríwá láàárín ọdún 1878 sí 1880, níbi tó jẹ́ pé ẹran ni ó pọ̀ jù nínú ohun tó wà láti jẹ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé nígbà tí àwọn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran nìkan, ó rẹ àwọn débi pé àwọn kò lè rin ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ó kúrò. 

Títí dé ibi tí mo sọ̀rọ̀ dé yìí, àárẹ̀ tí mo ń ṣàlàyé ni èyí tó ń kọjá lọ. Òmíràn wà tí kì í kọjá, òun ni ó sì ń bà mí lẹ́rù jù nínú ohun tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp: "Jẹ èyí fún ọjọ́ méje, kí o jò kílò méje." Ẹyin méjì láàárọ̀, kùkúńbà lọ́sàn-án, ápù kan lálẹ́. Mo jókòó ka èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nígbà náà, kò tó 500 kálórì lójúmọ́. Àwọn dókítà kì í fún èèyàn ní oúnjẹ tó kéré ju 800 lọ láìjẹ́ pé wọ́n ń ṣọ́ onítọ̀hún lójú méjèèjì.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, Ancel Keys àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà fẹ́ mọ ohun tí ebi ń ṣe sí èèyàn, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa bọ́ àwọn tí ogun ti pa lébi ní Yúróòpù. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógójì tí ara wọn le ló yọ̀ǹda ara wọn. Láti oṣù kejì sí oṣù keje ọdún 1945, wọ́n ń jẹ nǹkan bíi 1,600 kálórì lójúmọ́, ìdajì ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń rìn nǹkan bí kìlómítà márùndínlógójì lọ́sẹ̀. Wọ́n pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Àtẹ̀gùn di òkè fún wọn. Òòyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde. Òtútù ń mú wọn nínú ooru oṣù keje, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún bùláńkẹ́ẹ̀tì. Wọn kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, àwọn kan tilẹ̀ ń kó ìwé ìdáná jọ. Ara wọn ti rí i pé ohun tó ń wọlé kò tó, ó sì ti ń pa iná yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé kí epo jẹnẹrétọ̀ má baà tán. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1950 ní ìwé ńlá méjì.

Òótọ́ ni pé géńdé ni wọ́n, obìnrin kékeré tó ń jókòó ṣiṣẹ́ kò nílò oúnjẹ tó pọ̀ tó tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ohun tí wọ́n fi dán ebi wò lára àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n ní kí n máa jẹ lórí WhatsApp lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, àárẹ̀ rẹ̀ kò ní parí lọ́jọ́ keje. Ńṣe ni yóò máa pọ̀ sí i, iṣan ni yóò sì máa jó pẹ̀lú ọ̀rá. Iṣan yẹn, òun náà la nílò láti gun àtẹ̀gùn.

Tíì tí wọ́n ń pè ní ti ikùn pẹlẹbẹ náà wà níbẹ̀. Ewé senna ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ìgbẹ́ ni wọ́n ń mú kí èèyàn yà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbo jẹ̀dí kan. Omi, iyọ̀ àti potassium ló ń bá ìgbẹ́ lọ, ọ̀rá kò sì bá a lọ rárá. Potassium tó bá lọ sílẹ̀ jù ń mú iṣan rọ, ó sì lè da ìlù ọkàn rú. Ẹni tó gé òkèlè, tó ń mu irú tíì bẹ́ẹ̀, tó tún ń sáré láàárọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, ó ń wá ẹjọ́ sí ara rẹ̀ lọ́rùn.

Báwo ló ṣe yẹ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀, nígbà náà? Lójú tèmi, kí ó má lé òkèlè jáde lọ́jọ́ kìíní. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà ńlá méjì, kí ó jẹ ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀kan yẹn kéré. Àyè tí èkejì fi sílẹ̀ nínú àwo, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja gbà á. Gààrí gbígbẹ 100 gíráàmù ní nǹkan bíi 350 kálórì, nígbà tí ẹyin kan kò ju nǹkan bíi 70 lọ, ẹyin náà sì ní ohun tó ń mú iṣan dúró, èyí tí gààrí kò ní. Ẹ̀wà ni mo gbé ga ju gbogbo wọn lọ. Ó ní oúnjẹ amáradàgbà, ó ní potassium, ṣúgà inú rẹ̀ kì í sáré wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ nínú ikùn. Mọ́ínmọ́ín kan láàárọ̀ ti gbé mi láti Okokomaiko dé Marina láì wá búrẹ́dì. Epo ni kí a ṣọ́. Ṣúgà ní kálórì mẹ́rin nínú gíráàmù kan, epo ní mẹ́sàn-án, yálà epo pupa ni tàbí òróró. Ṣíbí epo méjì tí a yọ nínú ìkòkò dára ju ká fi ebi sùn lọ.

Iyọ̀ ńkọ́? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́ lọ́sẹ̀ kìíní, tí òòyì sì ń kọ́, kí ó mu omi ẹja tàbí omi ọbẹ̀ tó ní iyọ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí ó sì wo bóyá ara kò ní yá láàárín wákàtí kan. Kí ó má ṣe pọ̀ jù: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù márùn-ún iyọ̀ lọ lójúmọ́, kò sì kún ṣíbí tíì kan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí tí kíndìnrín tàbí ọkàn ń yọ lẹ́nu, kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ kún oúnjẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Dókítà ni yóò yẹ oògùn rẹ̀ wò. Omi pọ́nbélé náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù omi láì sí iyọ̀ á tún fọ ìyókù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni.

Láti orí bẹ́ẹ̀dì, kí èèyàn jókòó díẹ̀ kó tó dìde. Kí ó máa rìn, kí ó má tíì máa sáré, títí ọ̀sẹ̀ kejì. Mo rí àwọn tó ń sáré lójú ọ̀nà LASU lówùúrọ̀ Sátidé, wọ́n ń ṣe dáadáa, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé oúnjẹ lọ́jọ́ Ajé tó sì sáré kìlómítà márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé ti fa okùn méjì lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn kan wà tí n kò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn láti dá bẹ̀rẹ̀ rárá. Aboyún kò gbọdọ̀. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, kí ó bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ kí ó tó dín ohunkóhun. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, kí ó má jẹ́ kí omi dín lára rẹ̀ láé, torí pé àìtó omi ni ọ̀kan lára ohun tó ń mú ìrora dé. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide fún àtọ̀gbẹ wà nínú ewu ju gbogbo wọn lọ: oògùn yẹn ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé onítọ̀hún ti jẹun, bó bá sì jẹ́ pé kò jẹun, ṣúgà á lọ sílẹ̀ jù. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ọ̀rọ̀ á máa dàrú lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣíbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà nínú omi kíá, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ.

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀, tí àárẹ̀ kò sì lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré kó tó bẹ̀rẹ̀, dáyẹ́ẹ̀tì kàn tú àṣírí rẹ̀ ni. Àyà dídùn, dídákú, ọkàn tó ń lù kìkì láìdáwọ́ dúró, ìwọ̀nyí kì í ṣe ti dáyẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má fara dà wọ́n sílé.

Ohun kan wà tí kò sí nínú ìwé ìṣègùn, ó sì ń dá ọ̀pọ̀ padà. Láàárín wa, ẹni tó bá fọn, àánú ló ń ṣe àwọn èèyàn. "O ti rù o! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò sí?" Ẹni tí òòyì ti ń kọ́ láti àárọ̀, tó wá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu èèyàn mẹ́ta kó tó dé ibi iṣẹ́, á gbà pé òun ń kú lọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹnì kan ń gbìyànjú láti jò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ti tún bẹ̀rẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó padà lọ bá dókítà rẹ̀, wọ́n dín ọ̀kan nínú oògùn rẹ̀ kù, wọ́n sì ní kí ó máa wá yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń jẹ ẹ̀bà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kò ju ìkúùkù rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó pọ̀ àti ẹja. Ẹ̀wà ló ń jẹ láàárọ̀. Ọjọ́ kẹta dé, ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó jókòó, ó mu omi, ó sì tẹ̀ síwájú nínú ọjà rẹ̀. Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, aránṣọ ń dín búláúsì rẹ̀ kù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, tí ẹ sì ń gbèrò láti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà yín kí ọjọ́ Ajé náà tó dé.